Síkì tí mo lò fún ọdún méjì lórí òkè Nakiska

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìyàrà ń múra àtilọ sí Calgary ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ó sì bi mí léèrè irú síkì tó yẹ kí òun rà. Síkì ni pátákó gígùn méjì tí wọ́n máa ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín. Ọdún méjì ni mo fi gbé níbẹ̀ kí n tó padà sí Kábà, mo sì gbé tèmi bọ̀ wálé. Nígbà tí mo fi í ti ògiri, ìyá mi, tí ó máa ń hunṣọ, kọ́kọ́ rò pé igi òfì ni.

Síkì yìí jẹ́ irú tí a lè gbé dé ibi gbogbo lórí òkè. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 160, ìbàdí rẹ̀, ìyẹn ibi tó tín-ín-rín jù lọ lábẹ́ bàtà, sì jẹ́ mìlímítà 82. Èmi ga tó sẹ̀ǹtímítà 172, nítorí náà bí mo bá nà án ró, imú mi ni orí rẹ̀ ń dé.

Kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹni tó tajà fún mi nígbà àkọ́kọ́ gbé síkì líle kan lé mi lọ́wọ́, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 178, tí ìbàdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 100, ó ní bí mo bá ṣe ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i ni yóò máa bá mi lára mu. Inú ṣì ń bí mi sí ìmọ̀ràn yẹn. Ní Nakiska, òkè kan ní ìwọ̀-oòrùn Calgary níbi tí wọ́n ti sá eré ìje síkì Òlíḿpíìkì ọdún 1988, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, ó sì sábà máa ń le. Bí mo bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, gbogbo agbára itan mi ni mo fi ń tì í, kí ó sì tó gbọ́, mo ti kọjá ibi tí mo fẹ́ yà sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni orúnkún mi fi wú.

Ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà mọ̀ pé táyà tó dára nínú iyanrìn lè má dára lórí ọ̀dà. Bákan náà, ìbàdí tó fẹ̀ máa ń gbé ènìyàn léfòó lórí yìnyín tuntun tó jìn, ṣùgbọ́n èyí tó tín-ín-rín ló máa ń tètè di ilẹ̀ líle mú. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mìlímítà 75 sí 90 ló bójú mu. Rírọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù fífẹ̀ rẹ̀ lọ: ẹ fi ìdí rẹ̀ ti ilẹ̀, ẹ di orí rẹ̀ mú, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti àárín rẹ̀. Tèmi máa ń tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ kò mira. Orí tèmi tún ká sókè díẹ̀ bí orí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, èyí tí kì í jẹ́ kí ó há nígbà tí a bá ń yà.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàìsí. Bí mo bá sáré gan-an, orí rẹ̀ máa ń gbọ̀n, bí yìnyín bá sì jìn dé orúnkún, ṣe ni ó máa ń rì.

Kí ọmọ yìí tó náwó lórí síkì rárá, bàtà ni kí ó kọ́kọ́ rà. Tí ó bá dúró ṣánṣán, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ rọra kan iwájú bàtà. Tí ó bá tẹ orúnkún, kí wọ́n fà sẹ́yìn.

Mo ti pinnu láti fún un ní tèmi, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ kúrú sí mi. Òjò ọdún yìí ti mú kí irin etí rẹ̀ dípẹtà, mo sì ti fi fáìlì pọ́n ọn bí ẹni ń pọ́n àdá, títí ó fi ń ha èékánná mi díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mo fi í kàn án. Ìdè rẹ̀, ìyẹn ohun tó so bàtà mọ́ ọn, nìkan ni n kò fọwọ́ kàn. Ìwọ̀n ara rẹ̀, gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti gígùn àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ ni wọn yóò fi tún un ṣe, kí ó lè tú fúnra rẹ̀ bí ó bá ṣubú, èyí sì gbọ́dọ̀ wáyé lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀hún ní Calgary kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan òkè.