Àgbọ̀n mi tó ń dún kọ́, àti àǹtí tó ń wọ́ra ní Mọ́kọ́lá

Aránṣọ ni mí, n'Íbàdàn níbí. Ó ti lé ní ọdún 19 tí mo ti ń fi eyín já òwú. Bí mo bá ń wọn aṣọ mọ́ èèyàn lára, ètè ni mo máa ń fi há pínnì. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń bọ̀. Lásìkò Iléyá, nígbà tí aṣọ ẹbí kún ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu ọ̀nà, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ jẹ àkàrà, ẹnu ò ṣí ju ìbú ìka kan lọ. Nǹkan dún kọ́ níwájú etí ọ̀tún, ìrora sì gba ẹ̀bátí gòkè lọ sórí.

Etí ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe mí. Wọ́n ta oògùn tí wọ́n ń kán sétí fún mi ní kẹ́mísìtì kan, mo kán an fún ọjọ́ márùn-ún, pàbó ló já sí. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín, wọ́n ní eyín tó wà lẹ́yìn pátápátá ni, wọ́n sì yọ ọ́. Ìrora ò kúrò níbẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní pé eyín tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n yọ dànù. Dókítà eyín kejì ló fi ìka méjì síwájú etí mi, wọ́n ní kí n la ẹnu, kí n pa á dé. Wọ́n ní, "Ìyá, kì í ṣe eyín ló ń dùn yín, oríkèé àgbọ̀n yín ni." Wọ́n ní ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ kan wà láàárín egungun méjèèjì níbẹ̀, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bó bá yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, tó wá ń padà, ìgbà yẹn ló ń dún kọ́. Wọ́n ní tó bá kàn ń dún lásán tí kò dunni, kí n má da ara mi láàmú. Wọ́n wá bi mí bóyá mo máa ń payín keke lójú oorun. Ọkọ mi, tó jókòó tì mí, ló dáhùn: ó ní bí ẹni tó ń jẹ òkúta ni.

Oníbàárà mi kan ló júwe àǹtí tó ń wọ́ra fún mi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà, lẹ́yìn àwọn tó ń ta ọ̀dà ilé. ₦8,000 ni wọ́n ń gbà fún ogójì ìṣẹ́jú. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí, wọ́n bi mí: ṣé mo ṣubú ni? Ṣé ibà wà lára mi? Ṣé àyà tàbí apá òsì ń dùn mí? Wọ́n ní bí ìrora àgbọ̀n bá bá ìrora àyà wá, ọsibítù ni kí onítọ̀hún sáré lọ, kó má wá sọ́dọ̀ àwọn. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn.

Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n fi òrí ra á. Wọn ò lọ síbi tó ń dùn mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọrùn àti èjìká ni wọ́n kọ́kọ́ wọ́, torí ẹni tó ń tẹ̀ba lórí ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀, ibẹ̀ ló ti ń le wá. Wọ́n wá ní kí n di eyín mọ́ra. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ gọngọ lábẹ́ ìka wọn. "Ẹ tú u sílẹ̀," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ìka yí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fà á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n ti àtàǹpàkò bọ inú ẹnu mi, wọ́n fi ìka yòókù mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà láti ìta. Omijé bọ́ lójú mi. Bí mo bá ti nawọ́ sókè, wọ́n á dẹ ọwọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ìka méjì wọ ẹnu mi lórí ara wọn. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́ta wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ mi pé kí n máa ṣe nílé ni mo fi ń yìn wọ́n jù. Lálaalẹ́, mo máa ń ti táwẹ́ẹ̀lì bọ omi gbígbóná tí ọrùn ọwọ́ mi lè gbà, màá gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá fi òrí wọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti òkè etí, ìṣẹ́jú méjì méjì. Wọ́n ní kí n sọ "náírà", kí n dúró lórí "n" yẹn: ibi tí ahọ́n wà nígbà náà ni kó máa wà lójoojúmọ́, ètè á pa dé, eyín ò ní kan eyín. Àfi kí ẹ dán an wò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo máa ń di eyín mọ́ra látàárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá fẹ́ yán, màá fi ẹ̀ṣẹ́ ti àgbọ̀n lábẹ́ kó má baà là jù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi jẹ àgbàdo sísun, tinko àti pọ̀nmọ́. Ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àmàlà àti ewédú ni mo ń jẹ. Pọ̀nmọ́ ló ni mí lára jù.

Ẹ̀bi wọn náà wà. Aago mẹ́wàá ni wọ́n fún mi, aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n tó pè mí. Kò sí kọ́tìnì láàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ẹnìkejì ni mo gbọ́. Wọ́n tún ní òróró kan nínú ìgò, ₦6,500. Mo béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ọmọ tó ń tà á ò lè sọ. Mi ò rà á. Òrí tí mo rà lọ́jà ṣiṣẹ́ náà dáadáa.

Ẹ má sì rò pé wíwọ́ nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀. Dókítà eyín kejì yẹn ṣe rọ́bà kan fún mi tí mo ń fi sẹ́nu sùn, torí kò sọ́wọ́ tó lè dá èèyàn dúró láti máa payín keke lójú oorun. Àgbọ̀n mi ṣì ń dún kọ́ bí mo bá yán, ṣùgbọ́n kò dùn mí mọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ san ti ìkẹrin sílẹ̀, àǹtí dá owó náà padà. Wọ́n ní ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n ṣe, kí n máa ṣe é nílé. Mo ti so sísọ́ọ̀sì kékeré mọ́ ọrùn àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi eyín já òwú ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Àǹtí kì í gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ lóòjọ́, ìdí tí mi ò fi kọ orúkọ síbí nìyẹn. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó mọ̀ pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó kọ sí mi, màá júwe ọ̀nà fún un.