Ìdárayá ẹ̀dọ̀fóró: mo ṣe é ní ọsibítù, mo tún ṣe é lórí fóònù

79 ni oximeter, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn òísíjìn inú ẹ̀jẹ̀ láti ìka, kọ. Mo yọ ọ́, mo nu ojú rẹ̀, mo tún fi gbá ìka mú: 81. Físíò, ẹni tó ń darí ìdárayá mi lórí fídíò WhatsApp, figbe ta, "Mummy, ẹ máa lọ sí ọsibítù báyìí, ẹ má dúró mú nǹkan kan!" Aago méje alẹ́ ti lọ. Ọkọ mi sáré háyà mọ́tò, ₦9,000. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan nínú mọ́tò.

Ní yàrá pàjáwìrì, nọ́ọ̀sì kan wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré. "Ìyá, làálì dúdú lẹ lé sí èékánná yìí. Iná pupa ni ẹ̀rọ yìí ń tàn gba inú ìka kọjá, làálì sì ń dí i lọ́nà." Ó fi ẹ̀rọ gbá ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi mú. 96! Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo tìtorí ẹ̀ lé làálì ní Sátidé.

Inú bí mi gidi. Ogún ìṣẹ́jú ni èmi àti ọmọkùnrin yìí ti lò lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì ní kí n na ọwọ́ kí òun rí i.

Ṣáájú gbogbo èyí, òtútù àyà ló dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 11, pẹ̀lú òísíjìn nímú. Nígbà tí mo délé, kí n tó ti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀, màá ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdárayá ẹ̀dọ̀fóró ọ̀sẹ̀ 8 ni dókítà kọ fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 àkọ́kọ́, ọsibítù ni mo ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin tó gbà mí níbẹ̀. Ó ní kí n máa rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀ 30 mítà fún ìṣẹ́jú 6, òun náà ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Mi ò tíì rìn jìnnà tó fi gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Èjìká lẹ fi ń mí, Mà. Ẹ jẹ́ kí ikùn ṣiṣẹ́." Ó gbé ọwọ́ kejì lé mi níkùn. Kí n fi imú fa èémí, kí n wá ṣu ẹnu jọ, kí n fẹ́ ẹ jáde jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí fífẹ́ sì pẹ́ ju fífà lọ. Lórí fóònù, ojú mi nìkan ni wọ́n ń rí. Ta ni ì bá rí èjìká yẹn?

Ṣùgbọ́n òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni kọ́rídọ̀ ọ̀hún wà! Àtẹ̀gùn 34, mo kà á. Ibi ìtọ́jú àwọn tí kò lè mí dáadáa! Lọ́jọ́ kan tí mo pẹ́ ìṣẹ́jú 15, mo gun gbogbo rẹ̀ tán, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ò tilẹ̀ wojú mi: "Àkókò yín ti kọjá." Láti Mọ́níyà sí Ring Road n'Íbàdàn, ọkọ̀ Mícrà mẹ́ta ni mo ń wọ̀. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ nìkan ń jẹ mí run. Òun ló gbé mi dé orí fóònù.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ làálì, físíò yẹn pè mí ní aago méje àárọ̀. Kò wí àwáwí kankan. "Mà, ẹ̀bi mi ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí." Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fi hàn án. Ó ní kí n gbé fóònù jìnnà kí òun lè rí mi dé ìdí. Á bi mí, láti 0 dé 10, báwo ni èémí ṣe há tó? Bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáṣẹ́ sílẹ̀, á pe fóònù lásán, á máa bá mi kà á bí mo ṣe ń dìde lórí àga, tí mo tún ń jókòó. Kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ọsibítù: 3 nínú 5. Fóònù: 4 nínú 5. Ẹ má bi mí léèrè làálì, mi ò tíì gbàgbé. Àmọ́ orí fóònù ni mo ti parí ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni tó bá lágbára ẹ̀, kó fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn kó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Tíṣà ni mí. Ní Mọ́ńdè tó kọjá, mo pe orúkọ ọmọ 41 nínú rẹ́jísítà, mi ò jókòó.