Líìnì Ilé Iṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní Gánà: Ibo Ni Owó Ń Gbà Lọ?

Ẹni tó ní ọ́fíìsì l'Ékòó, tó sì ń gbèrò àtiṣí òmíràn sí Accra, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye tí ìpè ìṣẹ́jú kan jẹ́. Ìbéèrè náà dára, àmọ́ kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Owó orí ló ya orílẹ̀-èdè méjèèjì sọ́tọ̀ jù.

Ní Nàìjíríà, iye ìpè wà lójú kan láti 2013, títí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, fi gbà ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó lé e, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìlọ́po méjì ni àwọn ilé iṣẹ́ náà ì bá gbà tí àjọ náà bá gbà fún wọn! Àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́ náírà 4 di náírà 6. Ẹni tó ń fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lè má fura. Ilé iṣẹ́ tó bá ń fi 10,000 ránṣẹ́ lóṣù ní iye yẹn, 40,000 rẹ̀ ti di 60,000 nìyẹn, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ ná iye ti ẹni tó ń rà á lọ́pọ̀. Ti owó orí kò ní ariwo: VAT, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà àti iṣẹ́, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Gánà ni ìṣirò ti gùn. Yàtọ̀ sí VAT ìdá 15, NHIL (owó ìlera) ìdá 2.5 àti GETFund (owó ẹ̀kọ́) ìdá 2.5 tún wà, lẹ́yìn náà CST, owó orí tí wọ́n gbé ka iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láti 2008. CST yìí gòkè dé ìdá 9 ní 2019, ó padà sí 5 ní oṣù kẹsàn-án 2020. Bí iye iṣẹ́ bá jẹ́ sídì 1,000, tí a bá kàn ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 250 lè gun orí rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní náírà 100,000 l'Ékòó, 7,500 péré ni àfikún rẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé iye ìṣẹ́jú kan nìkan kò tó?

Àmọ́ ẹ má sá fún Accra nítorí ìyẹn. Láti oṣù kìíní 2026, ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ fún VAT ní Gánà lè yọ NHIL àti GETFund náà kúrò nínú ohun tó fẹ́ san fún ìjọba. Oṣù yẹn náà ni òfin tuntun gba ilé iṣẹ́ Nàìjíríà láyè láti yọ VAT tó san lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un. CST kì í ṣe VAT, ẹ kà á sí ìnáwó tó ti lọ.

Ní ti ẹni tí ẹ ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, Èkó ló rọrùn láti ná ọjà. MTN, Airtel, Glo àti T2, tí a mọ̀ sí 9mobile tẹ́lẹ̀, ń bára wọn jà. Ní Gánà, MTN tóbi débi pé àjọ NCA, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, kéde ní 2020 pé agbára rẹ̀ lórí ọjà ti pọ̀ jù. Telecel ni ẹ lè fi ná an lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹlifóònù orí tábìlì, Telecel ló jogún líìnì Ghana Telecom nípasẹ̀ Vodafone. NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba tiwa, ti kógbá wọlé.

Ẹ má ṣe yí sídì sí náírà kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà 2023, sídì sì lágbára sí i gan-an ní 2025. Àfiwé ọdún tó kọjá ti di ìtàn. Ìpè láàárín ọ́fíìsì méjèèjì, ẹ gbé e gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí olùtajà kọ iye tó máa jáde lápò yín lóṣù sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo owó orí, kó tó kọ ẹ̀dínwó kankan.