Àyẹ̀wò Roundup: Bí Oògùn Náà Ṣe Ń Dé Gbòǹgbò Igi Tí Ó Ń Hù Padà

Lórí kùkùté igi àti igbó Akíntọ́lá (igbó líle tí ó máa ń bo oko) ni mo ti fẹ́ yẹ Roundup, oògùn apakoríko, wò, kì í ṣe lórí koríko wẹ́wẹ́ tí gbogbo àgbẹ̀ ti mọ̀ pé ó ń pa. Glyphosate ni oògùn inú rẹ̀, ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ Monsanto ti Amẹ́ríkà sì kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà. Kò dà bíi paraquat, oògùn apakoríko mìíràn, tí ń jó ewé kíákíá ṣùgbọ́n tí gbòǹgbò ń ṣẹ́kù láàyè. Ara ewé tútù ni glyphosate ń gbà wọlé, yóò sì bá oúnjẹ tí ewé ṣe rìn nínú àwọn iṣan abẹ́ èèpo títí dé gbòǹgbò, níbi tí yóò ti dí igi náà lọ́wọ́ láti ṣe àwọn èròjà tí ó fi ń dàgbà.

Ìrìn yìí ni ó mú kí àkókò ṣe pàtàkì. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí igi ń kó oúnjẹ gbòǹgbò lọ sókè láti fi yọ ọ̀mùnú, díẹ̀ ni oògùn tí yóò sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí ewé bá ti gbó, tí òjò sì ń lọ sópin, ṣùgbọ́n tí ọ̀gbẹlẹ̀ kò tíì mú ewé rọ, ni ó tọ́ kí a fọ́n ọn sí Akíntọ́lá.

Ibi tí ó kù sí ni pé kì í gba èèpo igi tí ó ti gbó wọlé. Ẹni tí ó bá ń fọ́n ọn sí ara igi ńlá ń fi owó ṣòfò. Oríṣi triclopyr, oògùn apagi mìíràn, tí a ń pò mọ́ dísù ni ó lè gba èèpo kọjá.

Orí kùkùté ni mo ti yìn ín jù. Bí a bá ti ń gé igi tán, kí ojú rẹ̀ tó gbẹ, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì kun òrùka tútù tí ó wà lábẹ́ èèpo, nítorí pé igi líle àárín ti kú, kò sì lè gbé oògùn lọ síbi kankan. Omi mímọ́ ni kí a fi pò ó, nítorí amọ̀ inú omi ẹlẹ́rẹ̀ ń so ó mọ́ra, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù. Kí a sì ṣọ́ra níbi tí gbòǹgbò àwọn igi oríṣi kan náà ti lẹ̀ mọ́ra wọn nínú ilẹ̀, torí oògùn lè gba ibẹ̀ dé ara igi tí a fẹ́ kí ó yè.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà ọlọ́rọ̀bà: ní ọdún 2015, àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ka glyphosate mọ́ àwọn ohun tí ó jọ pé wọ́n ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ sì ní sùúrù, ó lè ju oṣù kan lọ kí igi tó fi hàn pé ó ń kú.