Àgbéyẹ̀wò Proxmox VE: mo fa káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lé rọ́tà inú VM lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, Proxmox, ìyẹn sọ́fúwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé (VM) sínú, dáa gan-an, àmọ́ tó bá jẹ́ torí passthrough (kéèyàn fa káàdì gidi lé VM kan lọ́wọ́ tààrà) lẹ ṣe fẹ́ lò ó, mọ́dábọ́ọ̀dù yín lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó sí káàdì kankan.

Mayfair ni mo wà níbí ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ OAU tó ń gbé àyíká wa ni mo ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún. Kọ̀ǹpútà kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ torí inverter ò lè gbé méjì tíná bá lọ, OPNsense, sọ́fúwíà rọ́tà tó dá lórí FreeBSD, ni rọ́tà, inú VM ló wà. Vmbr0 (bíríìjì nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú Proxmox) àti VirtIO (káàdì àfarawé tó ń fún VM) ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, kò burú o, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni tó ń gba pálọ̀ onílé kọjá kó tó dé yàrá ẹ̀, tí gbogbo wọn bá ti wọlé lálẹ́ CPU á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Mo wá ra Intel I350-T4 tòkunbọ̀, oníhò mẹ́rin. Ẹ tan VT-d (ohun tó ń jẹ́ kí CPU Intel lè fa káàdì lé VM lọ́wọ́) nínú BIOS, tí kernel (ọkàn Linux tó wà nínú Proxmox) yín ò bá tíì tó 6.8 ẹ fi intel_iommu=on sínú GRUB, ètò tó ń gbé e dìde, ẹ ṣe update-grub, kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un tàn. Ìyẹn ò le.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni IOMMU group, ìyẹn ọ̀wọ́ tí mọ́dábọ́ọ̀dù pín àwọn káàdì inú ẹ̀ sí. Gbogbo nǹkan tó bá wà nínú group kan náà, pa pọ̀ ni wọ́n ń lọ sínú VM. Nínú sílọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù tèmi, káàdì yẹn àti SATA controller (èyí tó ń darí háàdì dísìkì) jọ wà nínú group kan, tí mo bá fà á lé VM lọ́wọ́ báyìí, Proxmox ò ní rí háàdì dísìkì ẹ̀ mọ́ nìyẹn! Mo gbé e lọ sí sílọ́ọ̀tì tó sún mọ́ CPU, ihò kọ̀ọ̀kan sì dá group tiẹ̀ ní. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ lo pcie_acs_override tó ń fipá tú group ká, èmi ò fara mọ́ ọn, ààbò tó wà láàárín àwọn VM ló ń tú, bẹ́ẹ̀ dátà ọmọ ọlọ́mọ ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyókù ò ju kẹ́ ẹ tẹ Hardware, Add, PCI Device lọ, ẹ má fi ọwọ́ kan All Functions tó bá jẹ́ ihò díẹ̀ lẹ fẹ́ fún un. Bí VM bá ṣe ń dìde, ihò yẹn máa kúrò nínú ip link (àṣẹ tó ń to àwọn ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) lórí Proxmox, ẹ má jáyà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ wo OPNsense, ẹ máa rí igb0 (ihò Intel gangan) níbi tí vtnet0 (ti VirtIO) wà tẹ́lẹ̀. Ó dùn mọ́ mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. CPU ti fara balẹ̀ báyìí, kódà lálẹ́.

Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn: ẹ ò lè ṣe live migration (kẹ́ ẹ gbé VM tó ń ṣiṣẹ́ lọ sórí kọ̀ǹpútà míì) mọ́, RAM tẹ́ ẹ bá sì kọ fún VM yẹn, gbogbo ẹ̀ ló máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, torí káàdì ń kọ̀wé tààrà sínú mẹ́mọ́rì, ballooning (kí Proxmox máa gba RAM tí VM ò lò padà) ò wúlò níbẹ̀. Ẹ tan Start at boot fún un, kẹ́ ẹ fi order 1 sí i, torí tíná bá lọ tó dé, rọ́tà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde.

Tẹ́ ẹ bá ní ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì Realtek lórí bọ́ọ̀dù, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún Proxmox fúnra ẹ̀, ibẹ̀ lẹ óò máa gbà wọlé sí i. Intel ni kẹ́ ẹ fún OPNsense, FreeBSD àti Realtek ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́.