Okùn oníìlẹ̀kẹ̀ tí mo rà fún àwọn ọmọ JSS 2

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní iléèwé girama kan n'Íbàdàn. Táámù tó kọjá ni mo fi owó ara mi ra okùn ìfò 12, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní sikípìn. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí owó yín má baà wọgbó bíi ti èyí tí mo kọ́kọ́ ná.

Torí mo ti kọ́kọ́ ra èyí tí kò dáa. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni, ₦1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ká a sínú ọ̀rá ló ṣe gan síbẹ̀. Bí ọmọ bá jù ú sókè, á lọ́ pọ̀, á sì há sí i lẹ́sẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èèkù ọ̀kan fi yọ, tó fò lọ bá ọmọbìnrin kan létè. Ètè náà wú, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Mo kó gbogbo ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, ó ní ọjà tóun bá ti tà kì í padà. Ó dùn mí gan-an. Mo kó o sílẹ̀ fún un, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Okùn oníìlẹ̀kẹ̀ ni mo wá rà lẹ́yìn náà. Okùn ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀, wọ́n wá to ìlẹ̀kẹ̀ ike sí i lára láti èèkù kan dé èkejì, pupa kan, funfun kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó oríkèé ìka. ₦3,500 ni wọ́n tà á. Ó wúwo díẹ̀, ìwúwo yẹn ni kì í sì í jẹ́ kó lọ́. Ó tún ń dún. Bó bá ti kan kọnkéré, á dún kàà! Ọmọ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kóun fò, etí ló fi ń mọ̀ ọ́n: kàà, fò, kàà, fò. Àwọn ọmọbìnrin tó ti ń ṣeré ten-ten láti kékeré, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ ń yínmú, wọ́n ní eré obìnrin ni. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé ní pápá Liberty tiwa níbí ni Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà lóṣù kẹjọ ọdún 1963, àti pé abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó bá ń múra ìjà, okùn ló ń fò. Kò sẹ́ni tó yínmú mọ́.

Ẹ má kàn gbé okùn fún ọmọ o. Kó fi ẹsẹ̀ tẹ àárín ẹ̀, kó fa èèkù méjèèjì sókè. Bí wọ́n bá dé abíyá, ó ṣe é. Bó bá gùn jù, ẹ tú kókó inú èèkù, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ ta kókó tuntun. Ọrùn ọwọ́ ló ń yí okùn, kì í ṣe gbogbo apá.

Ibi tí mo wá fẹ́ràn jù nìyí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ àwọn ohun tí ara tó dá ṣáká ní sójú pátákó: agbára, ìyára, ìfaradà, rírọ̀ oríkèé ara. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, ó tán. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n fi ìka méjì, ìfábẹ̀lá àti ti àárín, kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò wọn, kí wọ́n má lo àtàǹpàkò nítorí òun náà ní ìlù tiẹ̀. Ẹ ka ìlù ọkàn fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan ka 20, ó jẹ́ 80. Ó fò fún ìṣẹ́jú kan, ó ka 41. 164! Ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó wò mí, ó ní, "Mà, ṣé kò ní bẹ́?"

Mo ní kó yọ ọjọ́ orí ẹ̀ kúrò nínú 220. Ó kù 208, ibẹ̀ la fojú bù pé ọkàn ọmọ bíi tiẹ̀ lè sáré dé. Iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń béèrè ọ́síjìn, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e lọ, ọkàn sì ní láti yára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó tún fò fún ìṣẹ́jú kan náà: 144. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣàlàyé fún kíláàsì pé ọkàn òun ti ń ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò nílò kó sáré tó ti tẹ́lẹ̀. Mi ò kọ ìyẹn sójú pátákó rí.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Píríọ̀dù kan lọ́sẹ̀ kò lè ká a, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó okùn síta nígbà ìsinmi.

Ó ní àbùkù. Kọnkéré tó rí ṣákaṣàka ti fọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lára mẹ́ta, okùn inú wọn sì ti ń hú. Bó bá bá ọmọ lójúgun, ó máa ń ta gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Òógùn ń jẹ́ kí èèkù yọ̀. Rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ fọkanáísà ni mo fi wé tiwa. Ọmọ tó bá sì ti mọ̀ ọ́n débi pé okùn ń gba abẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó balẹ̀, èyí kò ní yá tó fún un. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí ìnhélà ẹ̀ wà nítòsí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ di èèkù mú lọ́wọ́ kan, okùn lọ́wọ́ kejì, kẹ́ ẹ fà á tagbára-tagbára. Èmi fa gbogbo méjìlá nínú ìsọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́jà ń wojú mi, mi ò dá a lóhùn, ètè ọmọbìnrin yẹn ni mò ń rò.