Àpótí káàdì oúnjẹ Faransé: oṣù mẹ́fà tí mo fi lò ó, àti bó ṣe bá mi dé Kùtọnu

Aṣọ ni mò ń tà. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ni mo máa ń gba ẹnubodè Sèmè kọjá sí Kùtọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, láti lọ ra àǹkárá ní ọjà Dantokpa, ọdún kẹrin sì nìyí. Nínú ọjà, mi ò níṣòro. Àwọn tí mò ń bá ra aṣọ gbọ́ Yorùbá, ẹni tí kò bá sì gbọ́, a jọ máa ń tẹ iye owó sórí fóònù ni. Ìgbà tí ebi bá dé ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Màá nàka sí ìkòkò, wọ́n á bù ú fún mi, màá jẹ ohun tí mi ò lè dárúkọ. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, mi ò bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń rìn, ara ẹ̀gbọ́n mi ò sì gba edé rárá. Tó bá tọ́ ọ wò, ètè rẹ̀ á wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á fún. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi edé gbígbẹ sí ọ̀pọ̀ ọbẹ̀, ìnàka kò tó. Ìdí tí mo fi ra àpótí káàdì tí wọ́n fi ń kọ́ni lórúkọ oúnjẹ lédè Faransé yìí gan-an nìyẹn.

Kò tóbi ju páálí bàtà ọmọdé lọ. Káàdì 240 ló wà nínú rẹ̀. Àwòrán oúnjẹ tàbí ohun èlò wà níwájú, orúkọ rẹ̀ lédè Faransé àti gbólóhùn kan wà lẹ́yìn. Àmì kékeré kan wà ní igun. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà fóònù sí i, ẹ ó gbọ́ ohùn obìnrin tó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yára lákọ̀ọ́kọ́, ó sì rọra pè é lẹ́ẹ̀kejì. ₦14,000 ni mo rà á. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí mo ti kọ̀wé sí wọn nípa àléébù tí mo rí, mo sì ń retí èsì wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa, torí ó yà mí lẹ́nu. Yorùbá ò ya ọ̀rọ̀ sí akọ àti abo. "Ó" la fi ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin, "ó" la fi ń sọ̀rọ̀ obìnrin, "ó" náà la fi ń sọ̀rọ̀ àga. Lédè Faransé, akọ ni ìrẹsì (le riz), abo ni ẹran (la viande), akọ ni ẹja (le poisson), abo ni ọbẹ̀ (la sauce), akọ ni iyọ̀ (le sel), abo sì ni omi (l'eau). Kò sí bí èèyàn ṣe lè ronú débẹ̀, àfi kó há a sórí. Àwọn tó ṣe káàdì yìí fi búlúù yí etí gbogbo ọ̀rọ̀ akọ ká, wọ́n fi pupa yí ti abo ká. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ kan, àwọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àwọ̀ yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ ìgbà tí màá sọ pé "du riz" (ìrẹsì díẹ̀) àti ìgbà tí màá sọ pé "de la sauce" (ọbẹ̀ díẹ̀). Tí èèyàn ò bá sì fẹ́ nǹkan, méjèèjì á di "de": pas de riz, pas de sauce. "Pas de piment" ni mo lò jù nínú gbogbo wọn. Ẹ ò fẹ́ ata nìyẹn.

Ohùn inú rẹ̀ ló tún wú mi lórí. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé etí mi ló kọ́kọ́ nílò iṣẹ́, kó tó kan ẹnu. Lédè wa, ìró kan náà ni "an" àti "ọn": bí òpin "ìtàn" ṣe ń dún ni òpin "ibọn" ń dún, lẹ́tà tó ṣáájú ló ń sọ èyí tí a máa kọ. Àwọn Faransé yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá. "Thon" ni irú ẹja inú agolo kan, "temps" ni àkókò, bákan náà sì ni méjèèjì ń dún lẹ́nu mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. "Vin" ni wáìnì, "faim" ni ebi, kò sì sí ohun tó yà wọ́n ju v àti f lọ. Nítorí pé a ò ní v, ẹni tó fẹ́ béèrè wáìnì lè béèrè ebi. Ti z yàtọ̀. "Poisson" ni ẹja, "poison" ni májèlé, s àti z ló yà wọ́n. Àwa tí a ò ní z, ẹja la máa ń pè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ní ti u wọn, irú èyí tó wà nínú "jus" àti "sucre", ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ fún mi ni kí n ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, kí n wá pe "í". Ẹyin náà gba sùúrù: tó bá jẹ́ ẹyọ kan, "un œuf", ẹ ó gbọ́ f, tó bá di méjì, "deux œufs", f á pa rẹ́. Ìwé lásán ò lè kọ́ yín nìyí. Ṣùgbọ́n ohùn náà ń jẹ dátà, kò sì sí bí ẹ ṣe lè gbà á sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Ó wá kan àléébù. Tábìlì ìlú Paris ni àpótí yìí tẹ́. Fún wàràkàṣì nìkan, káàdì 18 ni: camembert, brie, roquefort, comté, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ́ni pé "la carte" ni ìwé tí wọ́n to oúnjẹ sí, pé "le menu" ni àkójọ oúnjẹ tí wọ́n ti dá iye kan lé, pé "entrée" ni oúnjẹ àkọ́jẹ, àti pé "une carafe d'eau" ni kí èèyàn béèrè tó bá fẹ́ omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó ń lọ síbẹ̀ á jèrè rẹ̀. Ní Kùtọnu, omi inú ìgò, Possotomè, ni mo máa ń rà.

"Pâte" ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Káàdì náà kọ "les pâtes" sábẹ́ àwòrán sìpàgẹ́tì, kò sì ṣìnà. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń pe pâte lẹ́bàá ọjà, mo jókòó, mo ní kó bù ú wá. Òkèlè tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò ló gbé wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Ní orílẹ̀-èdè Benin, òun ni "la pâte". Èyí tó pupa, tí wọ́n fi tòmátì àti omi ẹran rò, ni amiwo. Oúnjẹ wa pọ̀ níbẹ̀, orúkọ wọn ló yàtọ̀: iyán ni igname pilée, èkọ ni akassa, ewédú ni crincrin, dòdò ni aloko, wàrà àwọn Fúlàní ni wagashi, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ ni atassi. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni "sucrerie", ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé nǹkan aládùn bíi súìtì ni wọ́n ń fi pè ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ tún ṣọ́ra fún "ata", torí àkàrà ni ata lédè Fọn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí nínú àpótí náà.

Nǹkan mìíràn tún sọnù níbẹ̀ tó ká mi lára ju orúkọ lọ. "Je voudrais une portion de riz" (mo fẹ́ ìrẹsì àwo kan) ni gbólóhùn tí káàdì ìrẹsì kọ́ mi. Mo sọ ọ́, obìnrin náà gbọ́ mi dáadáa, ó sì bi mí pé: "De combien?" Ti èló? Bí a ṣe ń ra oúnjẹ nílé gan-an ni. A ò béèrè àwo kan, iye owó la ń dá. "Riz de trois cents, poisson de cinq cents": ìrẹsì ọ̀ọ́dúnrún, ẹja ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹni tí kò bá mọ ònkà ò lè jẹun níbẹ̀, àpótí oúnjẹ tó ní káàdì 240 kò sì ní ònkà kankan ju àwọn tó bọ́ sínú gbólóhùn lọ. Ibòmíràn ni mo ti lọ kọ́ ọ.

Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé owó mi ṣòfò, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan lóṣù tó kọjá. Ọbẹ̀ crincrin ló wù wá, obìnrin olóúnjẹ ti bù ú, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń fọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "Bi obìnrin yìí kí n tó fi sẹ́nu o." Káàdì kan wà nínú àpótí náà tó kọ́ni láti sọ pé "Je suis allergique aux…", ìyẹn ni pé ara mi ò gba nǹkan báyìí. Mo yí i sí ti ẹ̀gbọ́n mi: "Ma sœur est allergique aux crevettes. Il y a des crevettes dedans?" Ara ẹ̀gbọ́n mi ò gba edé, ṣé edé wà nínú rẹ̀? Kíá ni obìnrin náà fa àwo náà padà. Edé gbígbẹ ló lọ̀ sínú rẹ̀, kò sì sí ojú tó lè rí i. Ó wá fi ẹja díndín àti ata lílọ̀ tí kò ní edé rọ́pò rẹ̀, ó sì fi abọ́ mìíràn bù ú. Ẹ̀gbọ́n mi jẹun yó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo ní "J'ai bien mangé" (mo jẹun dáadáa), èyí tí káàdì ní ká máa sọ dípò "Je suis pleine" (mo ti kún), torí ẹran tó lóyún ni wọ́n ń pè ní pleine.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Faransé, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ará Faransé ń wọ̀ sí, lè fún un ní márùn-ún. Páálí káàdì náà nípọn, epo ti dà sí tèmi lára, mo nù ún, kò sì ṣí. Mẹ́jọ mẹ́jọ ni mo máa ń mú lálẹ́ nígbà tí mo bá ń dáná, mi ò sì ní yí ọ̀kankan padà láìjẹ́ pé mo ti sọ odindi gbólóhùn rẹ̀ sókè.

Àwọn káàdì wàràkàṣì 18 yẹn, mo ti fi bébà funfun lẹ ẹ̀yìn wọn. Camembert ti di wagashi báyìí, brie ti di atassi, roquefort ti di "De combien?"